Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ti gbó: bí ẹ ṣe lè mọ ohun tó ń ṣe é kí ẹ tó ra ẹ̀yà kankan

Ìbéèrè yìí kì í tán: «Ọkọ̀ mi kò jí láàárọ̀. Wọ́n ní bátìrì ni, mo ra bátìrì. Wọ́n ní síátà ni, mo ra síátà. Kò tún jí. Kí ni kí n rà báyìí?» Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ọkọ̀ tó ti lé ní ogún ọdún, ì báà jẹ́ Carina E, Corolla, Peugeot 405 tàbí 505, wáyà kan tó ti jẹra nínú rẹ̀ lè ṣe bí ẹni pé ẹ̀yà olówó ńlá ló kú. Ètò àyẹ̀wò ló wà nísàlẹ̀ yìí. Èyí tí kò ná yín ní sẹ́fà kan ló ṣáájú, èyí tó ń gbówó ló gbẹ̀yìn. Ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù nìkan là ń sọ. Ti dísẹ́ẹ̀lì yàtọ̀.

## Orúkọ tí ẹ máa fi béèrè lọ́jà

Èdè Faransé ni àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) fi ń pe ọjà wọn. Èyí tó bá ti Ládípọ̀ l'Ékòó gba Ìdí-Ìrókò wọlé, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ló bá wá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ra ohun tí kò wá.

- Bují (púlọ́ọ̀gì lẹ́nu ará Èkó): «bougie»
- Síátà: «démarreur»
- Altánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń gba iná sí bátìrì: «alternateur»
- Dẹ́líkò, ibi tí wáyà bují ti ń pín: «allumeur» tàbí «delco»
- Bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì: «courroie de distribution»
- Tẹmọsítáàtì, tó ń ṣí ọ̀nà fún omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná: «thermostat» tàbí «calorstat»
- Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀: «joint de culasse»
- Páàdì bíréèkì: «plaquettes»
- Kílọ́ọ̀ṣì: «embrayage»
- Ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ iwájú: «cardan»

Ẹ mú ẹ̀yà àtijọ́ náà dání lọ sọ́jà. Carina E tó ní ẹ́ńjìnnì 4A àti èyí tó ní 7A jọra lójú bí ìbejì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà wọn ló bára mu.

## Kí ẹ tó fọwọ́ kan ọkọ̀

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: mítà iná kan (èyí tó pọ́ọ́kú tó), sípánà 10, 12, 14 àti 17 fún Toyota, tàbí 10, 13 àti 16 fún Peugeot, bují kan tó dára, tọ́ọ̀ṣì, ìgò kan tí a lè rí inú rẹ̀, àti aṣọ tó nípọn.

- Ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ fi igi líle tì í, kí ẹ sì tún tẹ́ táyà àpòjù sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì tó ní ihò nínú gbé e ró láéláé. Kì í sán kó tó fọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń wó.
- Bí ẹ bá fẹ́ tú bátìrì, ẹsẹ̀ odì (−) ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ so kẹ́yìn.
- Kò sí sìgá, kò sí àtùpà nítòsí bátìrì tàbí epo.

## Ọkọ̀ kò jí

Ẹ tẹ́tí kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ohùn tí ẹ bá gbọ́ nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ ló máa sọ ọ̀nà tí ẹ máa tọ̀.

### Kò dún rárá, tàbí ó kàn dún «kẹ́» lẹ́ẹ̀kan

1. Ẹ tan iná iwájú, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá rẹ̀ títí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, bátìrì tàbí orí rẹ̀ ló ní ọ̀rọ̀. Bí iná bá mọ́lẹ̀ kedere tí nǹkan kan kò dún, ẹ wo síátà àti wáyà rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ aláìníkílọ́ọ̀ṣì (ọ̀tọmátíìkì), ẹ gbé gíà sí N kí ẹ tún gbìyànjú. Suwíìṣì abẹ́ gíà máa ń gbó.
2. Ẹ fi mítà wọn bátìrì nígbà tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú. 12.6 V ni ó kún. 12.2 V, ó ti dé ìdajì. Bó bá wálẹ̀ ju 12.0 V lọ, ó ti tán, ẹ gba iná sí i kí ẹ tó máa wá ẹ̀sùn mìíràn.
3. Kí ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ẹ ń wo mítà. Bí bátìrì tó kún bá já wálẹ̀ kọjá 9.6 V, inú rẹ̀ ti bàjẹ́.
4. Ẹ yẹ orí bátìrì wò. Ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó bo orí rẹ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ tú u, ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ fi pépà yíyún ha á títí irin á fi dán, kí ẹ wá fún un padà dáadáa. Bí ẹ bá lè fi ọwọ́ yí i lẹ́yìn tí ẹ fún un, kò tíì fún.
5. Ẹ wọn ilẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì. Ẹ fi ẹnu mítà kan sórí odì bátìrì, ìkejì sára irin ẹ́ńjìnnì tó mọ́, kí ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́. Bí mítà bá fi ju 0.5 V hàn, wáyà dúdú tó so bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì ti kú.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí karùn-ún yìí, torí òun ló ń jẹ owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Àjàṣẹ́. Ọ̀rinrin ọ̀sà kì í jẹ́ kí bàbà pẹ́. Ẹ wo wáyà yẹn lókèèrè, ó dúdú, ó gún, kò sí àbùkù. Ẹ fi ọ̀bẹ ya rọ́bà rẹ̀ díẹ̀ nítòsí ìdè: bàbà inú rẹ̀ á ti di àtíkè aláwọ̀ ewé, ẹyọ fọ́nrán mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló kù tó ń gbé iná gbogbo ọkọ̀. Iná iwájú kò nílò iná púpọ̀, nítorí náà ó ń tàn. Síátà nílò rẹ̀, nítorí náà kò yí. Wáyà tuntun kan kò tó ìdá mẹ́wàá owó síátà.

6. Bí bátìrì àti ilẹ̀ bá dára, tó sì ń dún «kẹ́» láìyí, ẹ tú síátà wá sílẹ̀. Nínú síátà Toyota àtijọ́, àwo bàbà kékeré méjì wà tó máa ń jẹ tán. Àwọn bàbà náà ṣeé pààrọ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé àfi kí ẹ ra odindi, ẹ béèrè bóyá ó ti ṣí i wò.

Títì ọkọ̀ jí: ọkọ̀ tó ní kílọ́ọ̀ṣì nìkan. Gíà kejì ni kí ẹ fi sí. Aláìníkílọ́ọ̀ṣì kò ṣeé tì jí.

Yíyá iná lára ọkọ̀ mìíràn: wáyà pupa sórí (+) bátìrì tó kú, òdì kejì rẹ̀ sórí (+) èyí tó dára; wáyà dúdú sórí (−) èyí tó dára, òdì kejì sára irin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó kú, níbi tó jìnnà sí bátìrì. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tó dára ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá fi dúdú sórí bátìrì tó kú tààrà lè rí i kó bú gbàmù, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú rẹ̀ máa ń gbiná.

Nígbà tó bá jí, ẹ tún wọn bátìrì. 13.5 sí 14.5 V, altánétọ̀ ń ṣiṣẹ́. Bó bá wà ní 12 géérégé, kò gba iná: ẹ wo bẹ́líìtì rẹ̀ kí ẹ tó dá altánétọ̀ lẹ́bi. Bó bá kọjá 15 V, ó ń se bátìrì yín bí ẹni ń se ẹ̀wà, ẹ má wakọ̀ náà jìnnà.

### Síátà ń yí dáadáa, ẹ́ńjìnnì kò gbà

Nǹkan mẹ́ta péré: iná bují, epo, tàbí bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyí.

1. Ẹ yọ wáyà bují kan, ẹ ki bují tó dára tí ẹ mú wá sí i lẹ́nu, ẹ fi ara irin rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ má fi ọwọ́ lásán dì í mú. Iná aláwọ̀ aró tó ń ta «pà, pà» ló dára. Iná tẹ́ẹ́rẹ́ pupa-rúsúrúsú kò lágbára.
2. Kò sí iná rárá? Ẹ ṣí ìdérí dẹ́líkò. Ẹ wá ìkán omi nínú rẹ̀, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí tó sá láti ihò kan dé òmíràn, àti èédú kékeré àárín tó ti jẹ tán. Omi, ẹ nù ún, ẹ sá a sóòrùn. Ọkọ̀ tó ń kọ̀ láti jí ní ìdájí àsìkò òjò, tó wá ń jí fúnra rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá, èyí ló ń ṣe é. Ìlà dúdú, ẹ pààrọ̀ ìdérí náà, kò ní oògùn.
3. Iná wà? Ẹ yọ bují inú ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn tí síátà ti yí bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bó bá rin, epo ti pọ̀ jù. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ epo mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá. Bó bá gbẹ táú, epo kò dé.
4. Epo kò dé: ẹ tẹ́tí sí pọ́ǹpù inú táǹkì. Lórí ọ̀pọ̀ Peugeot tó ń fọ́n epo, ẹ máa gbọ́ «hùn-ún» fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tí ẹ bá ti tan kọ́kọ́rọ́. Lórí ọ̀pọ̀ Toyota ọdún 1990 sókè, pọ́ǹpù kì í dún títí síátà á fi yí. Torí pé wọn kò gbọ́ ohùn yẹn ni wọ́n ṣe ń dá pọ́ǹpù tó wà láàyè lẹ́bi. Ẹ fi etí sẹ́nu ihò epo, kí ẹlòmíràn yí síátà. Kò dún? Fíúsì, lẹ́yìn náà rìlé (suwíìṣì kékeré tó ń fún pọ́ǹpù níná), ẹ̀yìn wọn ni pọ́ǹpù.
5. Bí síátà bá ń yí kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lọ́nà tó fúyẹ́ bí ẹni pé kò rí nǹkan gbé, bẹ́líìtì inú lè ti já. Ẹ ṣí ìdérí tí à ń gbà da ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ẹnìkan yí síátà díẹ̀. Bí ọ̀pá inú ibẹ̀ kò bá mira, ó ti já. Ẹ dúró síbẹ̀. Lórí ẹ́ńjìnnì 4A ti Toyota, bẹ́líìtì tuntun lè parí ọ̀rọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì mìíràn, fáálìfù ti tẹ̀, títún un yí á sì máa dá kún ìbàjẹ́.

Ọkọ̀ tó ń jí nígbà tó tutù, tó wá ń kọ̀ nígbà tó bá gbóná, tó sì tún jí lẹ́yìn ìdajì wákàtí: iná bují ni kí ẹ yẹ̀ wò ní àkókò tó kọ̀ gan-an. Kọ́ìlì (tó ń ṣe iná bují) àti ẹ̀rọ inú dẹ́líkò máa ń kú nínú ooru, wọ́n á sì jí nínú òtútù. Àyẹ̀wò tí ẹ bá ṣe lọ́jọ́ kejì láàárọ̀ kò ní rí nǹkan kan.

## Epo inú ìgò

Kpayọ, bẹntiróòlù inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rà, kò sí ìdí láti máa díbọ́n. Ẹni tó bá ń rà á ní láti mọ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò.

1. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tí a lè rí inú rẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Omi á rẹlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ẹ máa rí ìlà tó pín wọn. Ìdọ̀tí náà á rọ̀ sílẹ̀.
2. Ẹ kán ẹ̀kán kan sórí pépà funfun. Bẹntiróòlù á gbẹ láìfi àmì sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí àmì ọ̀rá bá kù síbẹ̀, kẹrosíìnì ti wà nínú rẹ̀.
3. Ẹ má da ìsàlẹ̀ bìdọ́ọ̀nù sínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti rọ̀ sí.

Ọkọ̀ tó mu omi máa ń ṣe gírí-gírí, á gbà, á kọ̀, pàápàá lẹ́yìn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo. Fífa táǹkì gbẹ àti fílítà epo tuntun ni ìtọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń lo kpayọ, kó máa pààrọ̀ fílítà epo ní gbogbo 10,000 km, kó má wo ohun tí ìwé ọkọ̀ sọ. Orí epo mímọ́ ni wọ́n gbé ìṣirò ìwé náà kà. Kí ìdá mẹ́rin epo sì máa wà nínú táǹkì nígbà gbogbo. Epo tó yí pọ́ǹpù ká ló ń tù ú lára; ẹni tó ń ra lítà kan-kan ń fi ooru pa á.

## Iná ẹ́ńjìnnì tó tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù

Ẹ má sanwó fún ẹni tó gbé skáánà (ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe ọkọ̀) wá fún Toyota ọdún 1990 sí 2000 láìwò bóyá ẹnu rẹ̀ bá ti ọkọ̀ mu. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ibi tí à ń kì í sí. Ohun tí wọ́n ní ni àpótí kékeré kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ DIAGNOSTIC sí.

1. Ọkọ̀ ò gbọdọ̀ jí. Ẹ ṣí àpótí náà, ẹ wo àwòrán inú ìdérí rẹ̀.
2. Ẹ fi wáyà kékeré so TE1 pọ̀ mọ́ E1. Ihò wọ̀nyí nìkan. Bí ẹ bá ṣèèṣì ki B+ mọ́ ilẹ̀, fíúsì lẹ máa fi ṣòfò, bí orí bá ṣe yín re.
3. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ láìjí ọkọ̀, kí ẹ ka bí iná náà ṣe ń ṣẹ́jú. Ẹ̀ẹ̀kan, ó sinmi, ẹ̀ẹ̀mejì: 12 nìyẹn.

Bó bá ń ṣẹ́jú láìsinmi, kò rí àṣìṣe kankan. 12 tàbí 14, ẹ lọ sí dẹ́líkò àti wáyà rẹ̀. 22, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru omi. 31, ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tàbí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ inú rẹ̀. 41, èyí tó wà níbi tí ẹsẹ̀ epo ti ń ṣí. Ẹ yẹ wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì wò kí ẹ tó ra ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

## Ọkọ̀ ń gbóná

Bí ọwọ́ ooru bá ń gòkè lójú ọ̀nà:

1. Ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ tan ti ooru dé òpin, ẹ ṣí fèrèsé. Kò dùn, ṣùgbọ́n ó ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì.
2. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí kò bá sí èéfín omi tó ń tú tàbí omi tó ń dà, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ níbi tó wà bí ìṣẹ́jú méjì. Bí èéfín omi bá ti ń tú, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.
3. Ó kéré tán, ìṣẹ́jú márùnlélógójì kí ẹ tó ṣí rédíétọ̀. Ẹ fi aṣọ nípọn bò ó, ẹ yí ìdérí díẹ̀, ẹ jẹ́ kó mí tán kí ẹ tó yọ ọ́. Ojú àwọn tó kánjú sì wà nígboro tí ẹ lè wò.
4. Ẹ má da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tó ṣì gbóná. Orí rẹ̀ lè sán.

Ní ilé, lọ́jọ́ kejì, ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ni ìdérí rédíétọ̀. Omi lásán ń hó ní 100 °C. Bí ìdérí tó dára bá dì í ní 0.9 bar, ó di nǹkan bí 118 °C kó tó hó. Ẹ yí ìdérí náà sókè kí ẹ wo rọ́bà rẹ̀: bó bá ti le bí èékánná, tó ní ojú ibi tí irin ti jẹ ẹ́ wọlé, kò dì mọ́. Omi á máa hó ní àsìkò tí kò yẹ kó hó, ẹ ó sì máa wá àìsàn tí kò sí. Ohun tó pọ́ọ́kú jùlọ nínú gbogbo ọ̀nà ooru nìyí, òun sì ni wọ́n ń gbàgbé.

Lẹ́yìn rẹ̀:

- Ó ń gbóná nígbà tó bá dúró, ó ń tutù nígbà tó bá ń sáré. Fáànù ni. Lórí ọ̀pọ̀ Toyota, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì suwíìṣì ooru. Fáànù gbọdọ̀ yí fúnra rẹ̀. Lórí Peugeot, òdìkejì ni: ẹ so wáyà méjèèjì pọ̀. Bí fáànù bá yí, suwíìṣì ló kú. Bí kò bá yí, fíúsì, rìlé, mọ́tò.
- Ó ń gbóná nígbà tó bá ń sáré. Rédíétọ̀ ti dí, nínú tàbí níta. Ẹ fi omi fọ ojú rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Erùpẹ̀ pupa ọ̀nà Kétu máa ń lẹ̀ sáàárín rẹ̀ bí amọ̀. Ẹ má fi omi alágbára gún un, ojú rẹ̀ á tẹ̀.
- Hóòsì òkè gbóná, ti ìsàlẹ̀ tutù. Tẹmọsítáàtì kò ṣí, tàbí omi kò yí.
- Omi ń dínkù, kò sí ibi tó ń jò. Ẹ lọ sí orí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tẹmọsítáàtì. Wọ́n á ní kí ẹ yọ ọ́ dànù, pé ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn kò dára. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó ń jẹ epo, ọ́ìlì rẹ̀ sì ń tètè bàjẹ́. Lórí àwọn ẹ́ńjìnnì kan, òun náà ló ń dí ojú ọ̀nà àbùjá omi. Bí kò bá sí níbẹ̀, apá kan omi kò ní dé rédíétọ̀ rárá, ọkọ̀ á sì tún gbóná sí i. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìkòkò: ẹ fi okùn gbé e kọ́ sínú omi, kó má kan ìsàlẹ̀, ẹ gbé e kaná. Èyí tí wọ́n kọ 82 sí lára gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 80 sí 84 °C. Nígbà tí omi bá tó 95 °C, ó yẹ kó ti ṣí tó 8 mm. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, kí ihò kékeré tó ní irin jìgìjìgì wà lókè, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ jáde.

Lílé afẹ́fẹ́ jáde: ẹ tan ooru inú ọkọ̀, ẹ rọra da omi sí i láìdé ìdérí, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí fáànù á fi yí tí yóò dá lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa dà kún un bó ṣe ń rẹlẹ̀. Ẹ lo omi tútù aláwọ̀ («liquide de refroidissement»). Bó bá jẹ́ omi lásán lẹ ní, kó jẹ́ mímọ́, kó má sì jẹ́ omi kànga tó ń fi funfun sí ìdí ìkòkò. Ohun tó ṣe sí ìkòkò ló máa ṣe sí rédíétọ̀.

Àmì tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti jó:

- ọ́ìlì abẹ́ ìdérí ti di bí ọ̀rá wàrà
- omi rédíétọ̀ ń hó kú-kú-kú nígbà tí ọkọ̀ ṣì tutù
- hóòsì òkè le bí igi láàárín ìṣẹ́jú méjì tí ọkọ̀ jí
- èéfín funfun kò dá, ó sì ń rùn bí nǹkan dídùn

Ọ̀rá wàrà nìkan lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì, láìsí èyíkéyìí nínú àwọn yòókù, lè jẹ́ ọ̀rinrin ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn nìkan tú orí ẹ́ńjìnnì yín. Bí wọ́n bá sì tú u lóòótọ́, ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ fún ẹni tó ń ha orí ẹ́ńjìnnì kó wọn títẹ́jú rẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lórí irin tó ti yẹ̀ á tún jó. Ẹ kọ ìyẹ̀fun «anti-fuite» tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ láti dí ibi tó ń jò sílẹ̀, àfi tí ẹ bá wà lójú ọ̀nà tí kò sí ọ̀nà àbáyọ mìíràn.

## Ó ń gbọ̀n, kò lágbára

Èéfín á sọ fún yín. Dúdú: epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ wo fílítà afẹ́fẹ́, pàápàá nígbà ọyẹ́. Aláwọ̀ aró nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí nìkan: rọ́bà ẹsẹ̀ fáálìfù ń jò, kò kánjú. Aláwọ̀ aró nígbàkigbà tí ẹ bá tẹ epo: ríǹgì ti gbó, iṣẹ́ ńlá ni.

Bó bá ń gbọ̀n nígbà tó dúró, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́, kí ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì abẹ́rẹ́ tó ń fọ́n epo lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì (sìlíńdà) tí ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí ìró ọkọ̀ kò yí padà, òun ló ti kú tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé bují rẹ̀ sí ẹsẹ̀ mìíràn. Bí ìṣòro bá tẹ̀ lé bují lọ, ẹ ti rí i. Ẹ ṣe bákan náà fún wáyà, bó bá gùn tó.

## Bíréèkì

Ibi yìí kò gba ìgbìyànjú. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín, ẹ jẹ́ kí ọlọ́wọ́ ṣe é.

- Ẹsẹ̀ bíréèkì rọ̀ bí kànrìnkàn: afẹ́fẹ́ wà nínú epo rẹ̀, tàbí ó ń jò.
- Ẹ tẹ̀ ẹ́ dúró, ó ń rọra rì sílẹ̀: pọ́ǹpù àgbà ti gbó nínú. Ẹ má wakọ̀ náà.
- Ó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan: ẹ wakọ̀ bíi 5 km láìlo bíréèkì púpọ̀, ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kan irin. Èyí tó gbóná jù ló ń dì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè, kí wọ́n ṣí ihò tí à ń gbà lé afẹ́fẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí fàà, hóòsì rọ́bà ti wú nínú, kálípà kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.
- Ọwọ́ ọkọ̀ ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì: díìsì kò tẹ́jú mọ́.
- Irin ń ha irin: páàdì ti tán. 3 mm ni kí ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Epo bíréèkì, DOT 3 tàbí DOT 4, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀ ń wú gbogbo rọ́bà, àtúnṣe rẹ̀ sì ni kí ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kó èrò mẹ́fà àti ẹrù orí láti Àjàṣẹ́ lọ Kétu, ìdajì gbogbo àsìkò tí mo kọ yìí ni kí ẹ lò.

## Ohùn láti abẹ́

- «Ta-ta-ta» nígbà tí ẹ bá yí ọwọ́ tán: cardan. Ẹ wo rọ́bà rẹ̀. Bó bá ya ṣùgbọ́n kò tíì máa dún, rọ́bà àti gíríìsì nìkan lẹ máa rà.
- Híhùn tó ń pọ̀ sí i bí eré ṣe ń pọ̀, tó ń yí padà bí ẹ bá ya sí ẹ̀gbẹ́ kan: bẹ́árìn ẹsẹ̀.
- «Kọ̀, kọ̀» lórí kòtò: ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Ohun tó bá yẹ̀, ẹ máa rí i. Lápá ọ̀tún àti òsì, ọ̀pá ọwọ́ ọkọ̀ ni.
- Kílọ́ọ̀ṣì: gíà kẹrin, eré kékeré, ẹ tẹ epo mọ́lẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ké tí ọkọ̀ kò sáré, ó ti ń yọ̀.

## Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀yà tòkunbọ̀

Altánétọ̀ àti síátà: ẹ ní kí wọ́n dán an wò níwájú yín. Rédíétọ̀: ẹ wo inú ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi omi kún un, ẹ yí i dojú dé, omi gbọdọ̀ dà jáde wìì, kó má máa kán. Bẹ́líìtì, páàdì, tẹmọsítáàtì, hóòsì àti ohunkóhun tó jẹ́ rọ́bà, tuntun nìkan. Ẹ sì gba ẹ̀yà àtijọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín kí ẹ tó sanwó, kí ẹ gbé e sínú búùtù. Bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i bá kú ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ máa fẹ́ fi méjèèjì wé ara wọn.